Akèrègbè Màmá Rúùtù Lójú Odò Ọya

Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo di akèrègbè mú, mo sì jẹ́ kí ọkọ̀ lọ. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín tán, ẹ fi díẹ̀ pamọ́, ẹ ṣì máa nílò rẹ̀. Ẹni tí orí rẹ̀ pé mọ̀ pé bí akèrègbè bá dúró tí ọkọ̀ sì ń lọ, ọkọ̀ ni kí èèyàn bá lọ, nítorí inú ọkọ̀ ni ìdí rẹ̀ wà. Èmi gbá akèrègbè mọ́ra bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ ṣe ń gbá ìyá rẹ̀ mọ́ra, ọkọ̀ sì rọra yọ́ kúrò lábẹ́ mi bí àga tí oníyẹ̀yẹ́ fà sẹ́yìn. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, mo ti wà lójú Odò Ọya, mo rọ̀ mọ́ akèrègbè, omi ń fà mí lẹ́sẹ̀, mo sì ń pe orúkọ gbogbo èèyàn tí mo mọ̀ ní Kàbà, títí kan tíṣà wa tó máa ń nà mí.

Màmá Rúùtù tó wà ní ìdí ọkọ̀ kò pariwo. Ó jẹ́ kí omi gbé òun lọ díẹ̀ sísàlẹ̀, ó yí ọkọ̀ padà, ó tún rọra bọ̀ wá bá mi, ó fi ọwọ́ kan gbá mi mú níbàdí ṣòkòtò, ó sì jù mí sínú ọkọ̀ bí ẹja. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "O ti so ara rẹ dáadáa. Tò, ó ku ọkọ̀."

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí Kàbà, ẹ mọ̀ pé àpáta la mọ̀, a ò mọ omi. Odò tí a ti ń pọnmi nígbà náà, bí ewúrẹ́ bá là á kọjá, ikùn rẹ̀ kò ní tutù. Èmi gbà pé mo mọ̀wẹ̀, nítorí mo máa ń fi ọwọ́ rìn nísàlẹ̀ odò náà, tí màá sì máa fi ẹsẹ̀ gbá omi sókè kí àwọn ọmọbìnrin lè rí mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí Odò Ọya, mo bi màmá mi pé ta ló da gbogbo èyí sílẹ̀.

Àbúrò màmá mi ni Màmá Rúùtù. Ọkùnrin Ọ̀wọ̀rọ̀ kan ló fẹ́ ẹ, ó sì bá a lọ sí abúlé kan létí odò, níbi tí àwọn méjèèjì ti jọ ń fi ọkọ̀ ìgbòkùn kó èrò lọ sí ọjà òdìkejì. Ọkọ á wà níwájú ọkọ̀, ìyàwó á wà ní ìdí. Ní ọdún tí mò ń wí yìí, Bàbá Rúùtù já bọ́ láti orí igi irú, egungun itan rẹ̀ sì ṣẹ́. Ẹni tó ń to egungun fún un ní kò gbọdọ̀ dìde títí omi odò á fi fà. Rúùtù fúnra rẹ̀ ṣì ń rá. Ni màmá mi bá ní kí n lọ lo ìsinmi gígùn ilé ìwé lọ́dọ̀ wọn, kí n máa pọnmi, kí n máa gbé ọmọ. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ọkọ̀ fún mi. Ká ní wọ́n dárúkọ rẹ̀ ni, inú àjà ni wọn ì bá ti máa wá mi.

Mi ò ní parọ́, mo jẹun níbẹ̀. Láàárọ̀, kókó ọkà bàbà gbígbóná tó ta atalẹ̀ sí èèyàn nímú, pẹ̀lú àkàrà tó ṣì ń kùn nítorí epo. Lálẹ́, iyán tàbí túwó, pẹ̀lú ẹja tí wọ́n yan lórí ààrò. Èéfín ẹja yẹn wọ aṣọ mi débi pé nígbà tí mo padà sí Kàbà, ológbò ilé wa kò fi mí lọ́rùn sílẹ̀ mọ́. Iyanrìn la fi ń fọ ìkòkò. Bí mo bá fi dúdú sílẹ̀ nídìí ìkòkò, màá kúnlẹ̀, màá gbé ìkòkò náà lé orí, títí Bàbá Rúùtù tó dùbúlẹ̀ lórí ẹní á fi sọ pé ó tó. Ẹni tí itan ń dùn kì í tètè sọ pé ó tó. Lọ́sàn-án, a máa ń ta òkòtó lábẹ́ igi. Bí òòrùn bá mú, àwọn ọmọ abúlé á bẹ́ sódò, èmi á sì bá wọn ṣọ́ aṣọ wọn. Aṣọ kankan kò sọnù lọ́wọ́ mi rí.

Ẹ lè bi mí pé kí ni akèrègbè ń ṣe lójú odò. Nígbà ẹ̀rùn, olúkálukú lè wọ́ ọkọ̀ rẹ̀ gun iyanrìn. Ṣùgbọ́n bí odò bá kún, bèbè á bẹ̀rẹ̀ sí í wó. Amọ̀ tó tó yàrá kan á ya lulẹ̀ gbìì, ọkọ̀ tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀, ó parí. Nítorí náà, wọn kì í so ọkọ̀ mọ́ bèbè nígbà ìkún omi. Ọlọ ni wọ́n ń so ó mọ́. Ọlọ tí àwọn ìyá ti lọ ata lórí rẹ̀ títí àárín rẹ̀ fi jìn bí àwo, wọn kì í jù ú nù níbẹ̀. Wọ́n á kó méjì mẹ́ta rẹ̀ pọ̀, wọ́n á fi okùn wé wọn bí ẹni ń di ẹrù, wọ́n á rì wọ́n sísàlẹ̀ odò níbi tí kò jìnnà sí bèbè, wọ́n á wá so akèrègbè mọ́ orí okùn náà kó máa léfòó. Lábẹ́ akèrègbè tiwa, ọlọ ìyá Bàbá Rúùtù wà níbẹ̀, ti ìyá àgbà rẹ̀ náà wà níbẹ̀, àti òmíràn tí ẹnikẹ́ni kò rántí ẹni tó lọ ata lórí rẹ̀ mọ́.

Òfin èbúté sì ni pé ẹni tí kò bá so ọkọ̀ mọ́ akèrègbè rẹ̀ jálẹ̀ ìgbà ìkún omi, àyè náà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlòmíràn lè rì ọlọ tirẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí kò ní àyè kò lè kó èrò. Ilé tí kò bá sì kó èrò, ẹja ẹlẹ́ja ni wọ́n á máa gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bí ẹ bá jẹ́ méjì nínú ọkọ̀, kò sí wàhálà. Ẹni tó wà ní ìdí á darí ọkọ̀, ẹni tó wà níwájú á nawọ́ mú akèrègbè, á so okùn. Màmá Rúùtù jẹ́ ẹnì kan, èmi sì jẹ́ ààbọ̀, ààbọ̀ tó máa ń bọ́ sómi. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ yẹn, ó ní kí n jókòó sí àárín ọkọ̀, kí n máa fi agolo gbọ́n omi, kí n má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn láyé yìí. Ibẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo fi rí iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin yìí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ṣùgbọ́n mo ti rí àwọn tó kà ju bẹ́ẹ̀ lọ tí wọ́n ń darí nǹkan tó kéré sí ọkọ̀ yẹn, mi ò sì tíì rí ẹni tó fi ọwọ́ pẹ̀lẹ́ ṣe é tó bẹ́ẹ̀.

Kì í bá omi sáré wá sí ìdí akèrègbè. Bí ẹ bá bá omi sáré wá, omi á gbé yín kọjá, ẹ ó kàn máa juwọ́ sí akèrègbè bí ẹni ń kí àna ni. Ìsàlẹ̀ odò ló máa ń gbà bọ̀, kó lè dojú kọ ìṣàn omi. Lásìkò òjò, afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ láti ìsàlẹ̀ odò lọ sókè, omi sì ń ti òkè bọ̀ wá sísàlẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń tì í lọ, omi ń tì í bọ̀. Ìgbòkùn rẹ̀, tó fi àpò ìyẹ̀fun rán, ló fi ń parí ìjà àwọn méjèèjì. Bí ó bá ti ń sún mọ́ akèrègbè, á máa ká ìgbòkùn náà díẹ̀díẹ̀, títí agbára afẹ́fẹ́ á fi dọ́gba pẹ̀lú ti omi. Nígbà náà, ọkọ̀ á dúró. Omi á máa ṣàn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ṣùrùrù, ọkọ̀ kò ní lọ, kò ní bọ̀, bí ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀.

Mo bi í báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ọkọ̀ ti dúró, nítorí lójú tèmi a ṣì ń sáré ni. Ó ní kí n yé wo omi, pé omi máa ń tan ojú jẹ. Igi àràbà kan wà létí èbúté, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ní bí igi bá ṣì ń rìn lára òrùlé, ọkọ̀ ṣì ń rìn. Bí igi bá dúró lára òrùlé, ọkọ̀ ti dúró. Mo wò ó, bẹ́ẹ̀ ló rí. Láti ọjọ́ náà, igi yẹn nìkan ni mo ń wò, kì í ṣe nítorí ọgbọ́n, nítorí pé bí mo bá wo omi, màá tún bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ àwọn ará Kàbà ni.

Okùn wá ńkọ́? Àwa ọkùnrin, a máa ń dé ibẹ̀ tán ká tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá okùn kiri. Òun, láti èbúté òdìkejì ló ti máa ń so okùn mọ́ imú ọkọ̀, tí á gbé e gba ẹ̀yìn òde ọkọ̀ wá sí ìdí tó jókòó sí. Kò níí sáré lọ síwájú nígbà tí akèrègbè bá dé. Ó ní ẹni tó bá fi ìdí ọkọ̀ sílẹ̀ láìsí olùdarí, bó bá fi máa dé iwájú, akèrègbè á ti wà lẹ́yìn. Á fi gọ̀gọ̀, ọ̀pá tí orí rẹ̀ tẹ̀ bí èyí tí a fi ń já ọsàn, wọ́ akèrègbè sí ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á ti okùn bọ ojú ìdè tó wà lábẹ́ rẹ̀, á so ó, á wá jẹ́ kí omi fa ọkọ̀ sẹ́yìn títí imú rẹ̀ á fi yí bọ̀ sídìí okùn. Bí akèrègbè bá sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kì í nà gbọọrọ tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kan ló máa ń sọ: "Akèrègbè kò lẹ́sẹ̀." Á padà sísàlẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Bàbá Sùlé kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọlọ́kọ̀ lòun náà, akèrègbè rẹ̀ ló tẹ̀ lé tiwa, ó sì ní àwọn ọmọkùnrin tí igbá àyà wọn dà bí ilẹ̀kùn. Kì í ṣe èèyàn burúkú o. Òun ló máa ń gbé ẹja wá fún Bàbá Rúùtù lórí ẹní. Ohun tó ń sọ ni pé èrò kì í ṣe àpò iṣu, àti pé obìnrin kan ṣoṣo kò gbọdọ̀ kó wọn nígbà tí omi bá kún. Ó sọ ọ́ ní gbangba èbúté: "Obìnrin kan, pẹ̀lú ọmọ Kàbà tó ń bẹ̀rù omi ìwẹ̀! Bí ọkọ̀ bá dà, ta ló máa lọ sọ fún àwọn ọlọ́mọ?" Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an, nítorí òótọ́ ni.

Sàríkí, bí a ti ń pe olórí àwọn ọlọ́kọ̀, ní kí wọ́n má jà. Ó ní, "Ẹnu kì í so ọkọ̀. Lọ́jọ́ ọjà, kó wá so ó lójú gbogbo wa. Bó bá so ó, kó máa kó èrò. Bí kò bá lè so ó, kó gbé ọkọ̀ gòkè títí ọkọ rẹ̀ á fi dìde." Gbogbo wa la mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kí itan Bàbá Rúùtù tó san, ọlọ ẹlòmíràn á ti wà nísàlẹ̀ odò níbẹ̀. Nígbà tí a délé tí a sọ fún un, ó kọjú sí ògiri. Ìyàwó rẹ̀ mú okùn, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ọwọ́ tú gbogbo ibi tó lọ́ pọ̀. Èmi sọ fún un pé ẹ̀yìn ń dùn mí, pé ó máa sàn kí n dúró ti Rúùtù nílé. Ó ní kò burú, ọwọ́ la fi ń gbọ́n omi, a kì í fi ẹ̀yìn gbọ́n ọn.

Ọjọ́ ọjà pé, èrò kún èbúté pẹ̀lú ẹrù wọn. Ẹni tó dàgbà jù nínú wọn ni Ìyá Onírú, tó jókòó lórí apẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀, tí òórùn irú náà ń bá wa lójú odò kí a tó rí òun alára. Àwọn ọlọ́kọ̀ tò sí bèbè bí ẹni ń wo ìjàkadì. A lọ sísàlẹ̀ odò, Màmá Rúùtù ta ìgbòkùn, a sì ń bọ̀.

Igi àràbà rìn, ó rìn, ó dúró sára òrùlé. Màmá Rúùtù na gọ̀gọ̀, ó gbá akèrègbè mú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo rí kùkùté igi ńlá kan tòun ti gbòǹgbò rẹ̀, tí omi ń gbé bọ̀ láti òkè, tó dojú kọ wá tààrà. Agolo ni mo nà sí i, bí ẹni fẹ́ fi gbọ́n igi dànù. Màmá Rúùtù wo ọ̀nà tí agolo kọjú sí. Lójú ẹsẹ̀, ó jọ̀wọ́ gọ̀gọ̀, ó jọ̀wọ́ akèrègbè, ó jẹ́ kí omi fa ọkọ̀ sẹ́yìn, ó sì fi àjẹ̀ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kùkùté náà kọjá níwájú wa, ó tẹ akèrègbè rì, ó gbé gọ̀gọ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, akèrègbè tún yọrí bí ẹni pé kò sí nǹkan kan.

"Ó tàsé!" Àwọn ọmọ Bàbá Sùlé ló pariwo lórí bèbè. "Kai, ó tàsé!"

Màmá Rúùtù kò wo bèbè. A tún lọ sísàlẹ̀, a tún ń bọ̀, kò sì sí gọ̀gọ̀ mọ́. Mo rí i tó ki okùn bọ omi, tó sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ sínú omi. Mo rò pé ẹ̀rù ti mú un bíi tèmi, pé ó ń fọ okùn. Ó fà á jáde, ó di apá méjèèjì okùn náà mú, ó jẹ́ kí àárín rẹ̀ rọ̀ bí okùn tí àwọn ọmọbìnrin fi ń fò. Igi dúró sára òrùlé. Ó ju okùn náà kọjá orí akèrègbè, bí ẹni ń da aṣọ bo adìyẹ. Nítorí pé okùn ti mu omi, kò léfòó, ó rì lọ sábẹ́ akèrègbè. Ó fà á. Okùn ọkọ̀ gbá okùn ọlọ mú nísàlẹ̀ ibẹ̀. Ó so ó, ọkọ̀ rọra padà sẹ́yìn, ó yí, ó dúró. Ìyá náà jókòó, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ariwo kan, rà-rà-rà, mo wo ilẹ̀, mo rí i pé èmi ni mò ń fi agolo ha igi ọkọ̀. Omi tó wà níbẹ̀ ti tán tipẹ́.

Ó tú okùn gùn díẹ̀, ó fi àjẹ̀ ti ìdí ọkọ̀ wá kan bèbè. Bí a ti dé ibẹ̀ ni àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Bàbá Sùlé ní ó tàsé kó tó mú un, pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni ikú ń pani. Àwọn kan ní igi ló dé, ọwọ́ rẹ̀ kọ́. Bàbá Sùlé ní ṣé igi kò ní dé bí èrò bá wà nínú ọkọ̀? Sàríkí ń họ irùngbọ̀n. Ó ní òun sọ pé bó bá so ó, òun kò sọ pé bó bá so ó lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ pọ̀, kò sẹ́ni tó ń gbọ́.

Àríyànjiyàn yẹn nìkan ni kò tíì yí padà ní èbúté náà. Mo kó àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ síbẹ̀ láìpẹ́ yìí. Kẹ́ẹ̀gì aláwọ̀ ìyeyè ló ń léfòó níbi tí akèrègbè wà. Bulọ́ọ̀kù ló wà lábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀rọ ló ń lọ ata báyìí, ọlọ kò sì lè gbó níbi tí kò sẹ́ni tó ń lò ó. Ẹ́ńjìnnì ló ń gbé ọkọ̀. Wọ́n á sáré dé, wọ́n á kọlu kẹ́ẹ̀gì, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́rin á nawọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan á máa bú èkejì, kẹ́ẹ̀gì á sì gba àárín wọn lọ. Mi ò sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù o. Wọ́n ń fún èèyàn ní ẹ̀wù tó ń léfòó nísinsìnyí, a ò ní irú rẹ̀ láyé tiwa. Mo béèrè fún méjì. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ya mí níbi tí mo ti di àga mú, wọ́n sì ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo mọ̀lẹ́bí kí a tó dé òdìkejì.

Màmá Rúùtù ti dàgbà, ó ń gbé lọ́dọ̀ Rúùtù ní Lọ́kọ́ja. Mo yà kí i nígbà tí a ń bọ̀. Mo dọ̀bálẹ̀, mo kí i bí a ṣe ń kíni ní Kàbà, "Okun o, Màmá," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ kùkùté àti okùn rírẹ yẹn fún àwọn ọmọ létí rẹ̀. Ó ní kí n dákẹ́, pé iṣẹ́ ni, kí ni ká máa fi iṣẹ́ ròyìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tí àwọn ọkùnrin ti ń jiyàn, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nítorí pé níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lọ́jọ́ náà, tí Sàríkí ṣì ń rò ó, Ìyá Onírú dìde lórí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó gba inú ẹrẹ̀ kọjá láàárín wọn, ó wọ inú ọkọ̀ wa, ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Ó wá bojú wẹ̀yìn sí bèbè. Ó ní, "Bàbá Sùlé, fi ẹnu yẹn sílẹ̀ ná, gbé irú mi fún mi sínú ọkọ̀, ọjà kò ní dúró dè wá."